Àyè Màmá Nínú Fọ́tò Lomé

Morádéún ló ní kí n sọ ọ́. Ó ní tí òun bá fẹnu ara òun sọ ọ́, òun lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ara òun, òun sì ti ṣe ìyẹn tó. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá ń bá ìyá ọkọ gbé nínú yín, kó sún mọ́ iwájú.

Kò sí ẹni tó kú nínú ìtàn yìí, kò sí ẹni tó gbé májèlé jẹ. Obìnrin kan ló fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ jù, ló bá pa irọ́ kan. Ẹ sì mọ irọ́, kì í fẹ́ dá gbé. Kíá ló máa ránṣẹ́ pe àwọn àbúrò rẹ̀.

Ilé wọn wà ní Olodi-Apapa, yàrá méjì àti pálọ̀ kan. Morádéún ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń bá oníṣòwò gba kọ̀ǹtẹ́nà jáde ní èbúté Àpápá. Reuben ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, níbi ẹ́ńjìnnì. Ẹni kẹta nínú ilé ni ìyá Reuben, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le ju ti ọmọge lọ. Láti Olodi títí dé ọjà Boundary, ẹsẹ̀ ni Màmá fi ń rìn ín. Ó ní kẹ̀kẹ́ Márúwá ń da inú òun rú.

Reuben nìkan ni Màmá bí. Nígbà tí ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀, ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá tí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà ti rí i sójú.

Láti fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀ ni Morádéún ti ń wo ọkọ̀ ojú omi lójoojúmọ́. Gbogbo ọkọ̀ ayé ló ń wọ Àpápá, àfi èyí tí Reuben wà nínú rẹ̀. Ìyẹn a máa bí i nínú débi pé ó lè dìde kó lọ pa fèrèsé dé.

Lọ́jọ́ Túsìdè kan ni ohùn Reuben wọlé sórí Wasáàpù.

"Déún mi, ọkọ̀ wa máa dúró ní Lomé lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Ọ̀gá ti fún mi láyè ọjọ́ kan, àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Ìwọ àti Màmá, ẹ máa bọ̀. Má ṣàì mú Màmá dání o. Mo fẹ́ rí ojú ẹ̀yin méjèèjì."

Morádéún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Nneka tó jókòó sí tábìlì kejì ti fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. Ọmọ Ígbò ni Nneka, Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ó sì gbọ́ Yorùbá débi pé o ò lè fi í bú u.

"Ọjọ́ mélòó ló ní?" ni Nneka bi í.

"Ọ̀kan."

"Ọ̀kan ṣoṣo, o wá fẹ́ gbé ìyá ọkọ lọ síbẹ̀? My sister, sit down. Tí wọ́n bá rí ara wọn báyìí, ìyá á máa sunkún, ọmọ á máa nu ojú ẹ̀. Ìwọ ńkọ́? Na you go hold bag!"

Morádéún rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọlé, ó sì ti jókòó.

Ó rántí ìgbà tí Reuben wálé kẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò. Tí wọ́n bá ń wo tẹlifíṣọ̀n, àárín wọn ni Màmá ń jókòó sí. Tí wọ́n bá wọ mọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àárín wọn náà ni. Lọ́jọ́ tí Reuben ní kí àwọn méjèèjì jáde lọ jẹun, Màmá ti wọ bàtà kó tó sọ̀rọ̀ tán. Morádéún ò kórìíra ìyá náà, ẹ má ṣi mí gbọ́. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Ọjọ́ kan péré ló fẹ́, ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò ní jókòó sí àárín.

Nígbà tó délé nírọ̀lẹ́, Màmá ń ṣa ẹ̀wà ní ẹnu ọ̀nà.

"Ìyàwó mi, káàbọ̀. Reuben ò tíì pè?"

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu Morádéún. Ó ní òun fẹ́ sọ ọ́, Ọlọ́run ló mọ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Rárá o, Màmá. Nẹ́tíwọ́kì ojú òkun ò dáa."

Lálẹ́ ọjọ́ náà ló dá Reuben lóhùn: orúnkún Màmá ti ń dùn wọ́n, dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ rìnrìn àjò, wọ́n ní kí òun máa lọ, wọ́n sì kí i púpọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sọ fún Màmá pé àwọn obìnrin ìjọ fẹ́ lọ gbàdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní Ìbàdàn.

Màmá ò bi í ní ìbéèrè kankan. Inú rẹ̀ dùn ni. Ó wọ yàrá, ó ya ojú ìwé kan nínú ìwé tó fi ń kọ orin, ó jókòó, ó sì rọra kọ nǹkan sí i. Ó ká a, ó fi lé Morádéún lọ́wọ́.

"Bá mi fi èyí síwájú Ọlọ́run níbẹ̀. Wọ́n ní àdúrà tí èèyàn bá gbé rìnrìn àjò máa ń tètè gbà."

Nínú yàrá ni Morádéún ti tú u wò. Ìlà kan ló wà nínú rẹ̀: "Ọlọ́run mi, jẹ́ kí n rí ojú Reuben kí n tó kú."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìwé yìí, ibi tó yẹ kó ti padà sẹ́yìn nìyẹn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn fún ìgbà díẹ̀, ó sì dìde, ó fi ìwé náà sínú àpò kékeré inú báàgì, ó ń bá ẹrù dídì lọ.

Fúráídè kùtùkùtù, ó wọ mọ́tò ní Mile 2, ó kọjá Ṣẹ̀mẹ̀, ó kọjá Kùtọnu, ó dé Lomé nírọ̀lẹ́. Láàárọ̀ Sátidé, ó ti wà lẹ́nu géètì èbúté kí oòrùn tó mú. Aṣọ aláwọ̀ ìyeyè tí Reuben fẹ́ràn ló wọ̀.

Reuben jáde. Ó ti rù díẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ti kún. Ó gbá ìyàwó rẹ̀ mọ́ra, ó gbé e sókè níwájú àwọn aṣọ́nà. Nígbà tó sọ ọ́ kalẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ fírí, bí ẹni tó ṣì ń retí pé ẹlòmíì lè sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò.

"Orúnkún Màmá yẹn, èwo ló ń dùn wọ́n nínú méjèèjì?"

"Ti òsì," ni Morádéún dáhùn. Ó yà á lẹ́nu bí ó ṣe tètè mú ọ̀kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ náà dùn. Èmi ò ní parọ́ fún yín, òun náà ò sì ní kí n parọ́. Wọ́n wọ ọ̀kadà, àwọn méjèèjì lórí ọ̀kan ṣoṣo, Morádéún fi orí ti ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ títí wọ́n fi dé etíkun. Wọ́n mu omi àgbọn. Wọ́n jẹ ẹja yíyan tó gbóná débi pé Reuben ń fẹ́ ẹ sí i lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́. Fọtogíráfà kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn bá wọn sọ Faransé, wọn ò gbọ́, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín, ni wọ́n bá háyà rẹ̀ fún odindi ọjọ́.

Ó yà wọ́n lábẹ́ igi àgbọn. Ó yà wọ́n níbi tí omi ti ń gbá wọn lẹ́sẹ̀. Ó ya Reuben níbi tó ti ń bọ́ bàtà fún ìyàwó rẹ̀. "Mádáàmù, Mádáàmù," ló ń pè é, tó ń fọwọ́ júwe bí kó ṣe yí ọrùn, Morádéún sì ń yí i bí ẹni tí wọ́n bí sínú fọ́tò.

Láti ibẹ̀ wọ́n wọ mọ́tò lọ sí Agbodrafo, ìlú kan tí kò jìnnà sí Lomé, níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ti ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ igi kọjá lórí adágún. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti fẹ́ pa Morádéún. Reuben tó ń gbé lórí òkun, tó ti la ìjì kọjá, wọ inú ọkọ̀ igi tán, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Kí ló dé?" ni Morádéún bi í. "Ṣé ìwọ kọ́ lò ń ṣiṣẹ́ lórí òkun ni?"

"Èyí ò ní ẹ́ńjìnnì! Ta ló mọ ohun tó ń gbé e lọ?"

Morádéún rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi jábọ́ sínú omi. Fọtogíráfà yà á. Ó ṣí báàgì rẹ̀ láti mú páńkéèkì kó fi tún ojú ṣe, ìwé Màmá ló bá ọwọ́ rẹ̀ jáde.

Ẹ̀rín náà dúró.

"Kí nìyẹn?" ni Reuben bi í.

"Ìwé ọjà ni. Mo gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀."

Ó tì í padà sísàlẹ̀ báàgì.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, wọ́n padà sí etíkun Lomé. Ó ku fọ́tò kan, ni Reuben wí.

"Sún sọ́hùn-ún díẹ̀. Ó tó. Dúró síbẹ̀."

"Kí ló dé tó o ń lé mi?"

"Àyè Màmá nìyẹn. Tí a bá délé, Akpevwe á bá wa fi wọ́n sí àárín."

Akpevwe ni fọtogíráfà wọn ní Ajégúnlẹ̀, ní ẹ̀bá Boundary. Ọmọ Urhobo ni, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ débi pé òun ló fi bàbá Reuben tó ti kú lọ́dún mẹ́jọ ṣáájú sínú fọ́tò ìgbéyàwó wọn. Bàbá wà níbẹ̀ pẹ̀lú fìlà, ó ń wo kéèkì. Ní àdúgbò wọn, pé èèyàn kò sí nílé lọ́jọ́ ayẹyẹ kò ní kó má sí nínú fọ́tò.

Fọtogíráfà ará Lomé ò mọ èyí. Ó ń fọwọ́ júwe pé kí wọ́n súnmọ́ ara wọn, ṣé tọkọtaya ni wọ́n, àbí wọ́n ń jà? Reuben mi orí. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́, ní ibi tí èjìká ìyá rẹ̀ ìbá wà, ó sì rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Morádéún dúró sí apá kejì àyè náà. Òun ló mọ̀ pé ẹsẹ̀ méjèèjì tó yẹ kó dúró síbẹ̀ wà ní Olodi-Apapa, tí wọ́n ń rìn káàkiri ilé láìsí ìrora kankan.

Reuben bá fọtogíráfà ṣe é pé kó gbé àwọn fọ́tò wá bá òun lẹ́nu géètì lọ́jọ́ kejì, ó sì padà sínú ọkọ̀ ní aago mẹ́fà. Morádéún sunkún, ṣùgbọ́n kò mọ èwo nínú ẹkún náà ni ti ọkọ, èwo ni ti ìwé inú báàgì.

"O ti dúdú," ni Màmá kọ́kọ́ sọ nígbà tó wọlé lọ́jọ́ Sọ́ńdè. "Ṣé inú oòrùn lẹ ti gbàdúrà ni?"

"Ìta gbangba ni, Màmá. Èrò pọ̀ jù."

"Ìwé mi ńkọ́?"

"Mo fi í síwájú pẹpẹ."

Lálẹ́, Morádéún yọ ìwé náà kúrò nínú báàgì, ó fi í pamọ́ sínú yàrá. Ní ọjọ́ kejì, Màmá gbọn báàgì náà ní ẹ̀yìnkùlé, kí ó lè bá a fọ̀ ọ́. Yanrìn funfun dà sílẹ̀ fúú. Màmá bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka mú díẹ̀ níbẹ̀.

"Ìbàdàn ti ní irú yanrìn báyìí?"

"Wọ́n ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a wà ni, Màmá."

Ṣé ẹ ń ka àwọn àbúrò irọ́ yẹn? Ẹ má tíì dúró.

Fóònù Màmá kékeré ni, èyí tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí. Nínú ọkọ̀ Reuben, Wasáàpù nìkan ni wọ́n lè fi pe ilé láti orí òkun. Nítorí náà, orí fóònù Morádéún ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ ń gbà kọjá. Tí Reuben bá pè, Màmá ti sùn. Aago mẹ́rin ọ̀sán, Màmá ti sùn. Aago mẹ́wàá àárọ̀, Màmá ṣì ń sùn.

"Ṣé orúnkún yẹn kọ́ ló ń dá wọn dùbúlẹ̀ báyìí?" ni Reuben bi í.

Lọ́jọ́ kan, Màmá yọ sí wọn láìròtẹ́lẹ̀, ó sì gba fóònù.

"Màmá mi! Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ mi? Ó wà níbẹ̀."

"Ẹ máa fi omi gbígbóná jó o lálaalẹ́ o, ẹ má ṣe..."

Morádéún húkọ́, ó já fóònù gbà. "Nẹ́tíwọ́kì ti lọ, Màmá."

"Kí ló ń sọ nípa omi gbígbóná?"

"Ó ní òtútù mú níbi táwọn wà ni."

Màmá wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó lọ gbé omi ka iná fún tíì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìrìn àjò náà, lẹ́yìn ìsìn Sọ́ńdè, Ìyá Ìjọ yà kí Màmá. Morádéún wà ní kíṣìnnì, ó ń dín dòdò fún wọn. Ó gbọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn, ó gbọ́ ohùn ọkùnrin kan.

"Mama, ẹ má dìde! Abeg, ẹ má dìde rárá! Reuben say make you no stand up."

Dickson ni, tó ń bá Reuben ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ kan náà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ti parí fún sáà yìí, ó ti wálé sí Ajégúnlẹ̀, ó sì bá Reuben gbé ẹrù wá. Màmá ti dìde ní tirẹ̀, ó ń gbé àga bọ̀ fún àlejò.

"Ah! Mama, you don dey waka? Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run o!"

"Ìgbà wo ni mi ò rìn?" ni Màmá bi í.

Dickson rò pé àwàdà ni. Ó ṣí báàgì. Ó kó òògùn ìpara méjì jáde. Ó mú aṣọ rọ́bà kan jáde, irú èyí tí wọ́n ń fà wọ orúnkún. Lẹ́yìn náà ló fa ọ̀pá ìtìlẹ̀ kan yọ, ọ̀pá dáadáa, tí wọ́n gbẹ́ ẹyẹ sí orí rẹ̀.

"Lẹ́nu géètì Lomé ló ti rà á kí ọkọ̀ wa tó ṣí. Ó ní orúnkún òsì ni."

Nínú kíṣìnnì, Morádéún gbàgbé dòdò tó wà lórí iná.

Màmá wo orúnkún òsì, ó wo ti ọ̀tún. "Orúnkún ta ni?"

"Orúnkún yín, Mama. Èyí tí kò jẹ́ kẹ́ ẹ lè bá ìyàwó yín wá sí Lomé lọ́jọ́sí."

Dickson tó ṣì ń rẹ́rìn-ín fa ẹrù tó kù yọ, ó bọ́ bébà ara rẹ̀ kúrò. Férémù ńlá ni. Reuben rèé nínú rẹ̀, Morádéún rèé nínú aṣọ ìyeyè, òkun lẹ́yìn wọn, àti àyè gbalaja láàárín.

Ìyá Ìjọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ibo rèé?"

"Lomé, Ma."

"Ọjọ́ wo nìyẹn?"

Dickson sọ ọ́. Màmá ka ọjọ́ náà lórí ìka.

"Ọjọ́ tí ẹ lọ gbàdúrà ní Ìbàdàn ni," ló sọ fún Ìyá Ìjọ.

"Àdúrà wo? Àwa kọ́ o. Ìpàdé kan ṣoṣo tí a ṣe lóṣù yẹn, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì níbí ni."

Dòdò ti ń jóná. Òórùn rẹ̀ ló sọ fún wọn ibi tí Morádéún wà. Ó jáde pẹ̀lú ṣíbí tó fi ń dín dòdò lọ́wọ́, ó sì kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Ti Morádéún ò tiẹ̀ pé oṣù kan.

Màmá yí férémù náà sẹ́yìn. Reuben ti kọ nǹkan síbẹ̀. Màmá fi ohùn jẹ́jẹ́ kà á síta: "Màmá mi, àyè yín ló wà láàárín yìí. Mi ò lè ya èyí tó kẹ́yìn láìsí yín."

Ó gbé férémù náà kalẹ̀.

"Ọjọ́ wo lo mọ̀ pé ọmọ mi ń bọ̀ wá sí Lomé?"

"Túsìdè, Màmá."

"Ṣé kí n tó kọ ìwé àdúrà ni, àbí lẹ́yìn tí mo kọ ọ́?"

"Kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, Màmá."

"Ìwé náà dà?"

Morádéún wọ yàrá, ó mú un wá. Ó ṣì wà ní kíká bí Màmá ṣe ká a. Yanrìn díẹ̀ jábọ́ láti inú rẹ̀.

"O gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí mo ń bẹ̀bẹ̀ láti rí," ni Màmá wí, "o sì tún gbé e padà wá fún mi."

Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè rárá. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ ẹkún rẹ̀. Dickson mú fìlà rẹ̀, ó ní, "Abeg, I no know o," ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá Ìjọ náà dìde, kò jẹ dòdò.

Morádéún ní ìtìjú ọjọ́ náà kì í ṣe ti pé wọ́n mú òun. Òun gbọ́ ẹkún ìyá àgbàlagbà kan láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, òun sì mọ̀ pé òun lòun fa ẹkún náà.

Nígbà tí Reuben gbọ́ ọ lẹ́nu Dickson, tó sì pè, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀. "O dúró níbẹ̀, o ń wò mí, mo na ọwọ́ mọ́ afẹ́fẹ́." Ó tún ní, "Gbé fóònù fún Màmá." Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ní kí Dickson ra fóònù ńlá wá fún Màmá, èyí tó ní Wasáàpù. Láti ìgbà náà, ìyá rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ pè. Tí Morádéún bá fẹ́ mọ ibi tí ọkọ òun wà lórí omi, Màmá ló ní láti bi.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Màmá fi jẹ oúnjẹ Morádéún láìbá a sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ó jáde ní yàrá nínú léèsì búlúù rẹ̀, ó wé gèlè, ó mú ọ̀pá Lomé dání.

"Gbé férémù yẹn. Ká lọ."

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín, láti Olodi dé Ajégúnlẹ̀, láàárín àwọn tírélà tó tò sójú títì. Màmá ló ṣáájú, ó ń ju ọ̀pá tí kò nílò síwájú sẹ́yìn. Morádéún ru férémù, òógùn ń yọ ọ́ lẹ́nu. Àwọn tó ń kí wọn lọ́nà ń wo fọ́tò, wọ́n ń wo ẹni tó rù ú.

Ní ṣọ́ọ̀bù, Akpevwe wo fọ́tò náà, ó wo Màmá. "Mama, na where I go put you?"

"Àárín. Ṣé o ò rí i pé wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ ni?"

"How you wan stand?"

Màmá dúró síwájú aṣọ funfun. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sí ibi tí èjìká Reuben máa wà. Ó ro ó díẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì na ọwọ́ òsì, ó fi ìka méjì fún afẹ́fẹ́ mú pinpin.

"Ọwọ́ yìí, ṣe é kó dé etí ẹ̀."

Akpevwe rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ògiri. Morádéún náà rẹ́rìn-ín, omi sì ń jáde lójú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ mẹ́rin tí Màmá wo ojú rẹ̀ tààrà.

Fọ́tò náà ló wà lára ògiri pálọ̀ wọn dòní, ní ọ̀kánkán ilẹ̀kùn. Òkun Lomé, igi àgbọn, Reuben ń rẹ́rìn-ín, Màmá láàárín nínú léèsì búlúù, ó fa etí ìyàwó ọmọ rẹ̀ bí ẹni fa okùn. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń sọ ohun kan náà.

"Ẹ̀ẹ́hẹ̀n, Màmá! Ẹ ti lọ Lomé!"

"Ẹ bi ìyàwó mi," ni Màmá ń dá wọn lóhùn.

Àlejò á yíjú sí Morádéún. Ó lè parọ́, Màmá ò ní já a. Ó lè ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn jọ lọ ni. Ṣùgbọ́n ó ti rí ibi tí ìyẹn ń gbé èèyàn dé. Ni á bá bẹ̀rẹ̀ láti Túsìdè, á sọ ọ́ dé ibi dòdò tó jóná. Òun ló sọ ọ́ fún olùgba owó iná. Òun ló sọ ọ́ fún pásítọ̀. Ó ti sọ ọ́ tó ìgbà mọ́kànlélógún kó tó sọ ọ́ fún èmi.

Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Wẹ́sìdè, ohùn Reuben tún wọlé sórí fóònù rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ọkọ̀ àwọn tún máa dúró ní Lomé. Sátidé. Ọjọ́ kan.

Morádéún ò gbọ́ ọ tán. Ó mú báàgì.

"Where you dey go?" ni Nneka pariwo. "Ọ̀gá ń bọ̀ o!"

"Mo ń lọ sọ fún Màmá!"

Ó wọ kẹ̀kẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó dúró dáadáa. Màmá jókòó sí pálọ̀ lábẹ́ fọ́tò, ó ń gbádùn fóònù rẹ̀.

"Màmá! Reuben ń bọ̀ wá sí Lomé lọ́jọ́ Sátidé! Ẹ̀yin lẹ máa lọ. Èmi á dúró nílé. Dickson á mú yín dé ibẹ̀, mo ti rò ó."

Màmá gbé ojú sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó fi ọwọ́ pa orúnkún òsì rẹ̀.

"Orúnkún mi ń dùn mí."

Morádéún wó lulẹ̀ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó di orúnkún náà mú, ó gbé orí lé e, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ní kí Màmá jọ̀ọ́, kí wọ́n má ṣe báyìí, kí wọ́n lọ rí ọmọ wọn. Ó gbọ́ tí nǹkan ń mì lókè orí rẹ̀. Ẹ̀rín ni Màmá ń rín.

Màmá bẹ̀rẹ̀, ó fa báàgì kan jáde láti abẹ́ àga. Ó ti kún, síìpù rẹ̀ ti wà ní pípadé.

"Ọjọ́ Sọ́ńdè ni Reuben ti sọ fún mi. Àná ni mo ti di ẹrù tán. Mo jókòó ni, mo ń wò ó bóyá o máa sọ."

Morádéún nu ojú. "Tí mi ò bá sọ ńkọ́, Màmá?"

"Màá dá lọ. Màá sì ní kí wọ́n fi àyè ẹ sílẹ̀ nínú fọ́tò."

Ó fi orí ọ̀pá Lomé gbá a jẹ́jẹ́ léjìká.

"Dìde nílẹ̀. Lọ di ẹrù tìẹ."